Fèrèsé Tí Gerlinde Ṣí

Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà, ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ láti kékeré nìyẹn, ìyá mi bá mi wí títí ó fi sú u. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, Meinhard Debus, ni mo fẹ́ sọ, àti ti dígí kan ṣoṣo tó ṣe fún ara rẹ̀ láyé. Àwọn èèyàn abúlé ní ẹ̀rọ iná tuntun ló ba dígí náà jẹ́. Irọ́ ni. Èmi àti Gerlinde ni.

Iṣẹ́ lílẹ dígí ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ ní abúlé wa lókè Wetzlar yìí, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ òkò, ẹni tó ń gé dígí tàbí ẹni tó ń dán an ni yóò bà. Dígí tó máa ń wà lẹ́nu awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, méjì-méjì ni. Ọ̀kan yọ ikùn, èkejì jin kòtò, ikùn èyí á wọ inú kòtò ìyẹn. Gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara bí omi la máa ń kán sáàárín wọn kí wọ́n tó di ẹyọ kan. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé àárín dígí méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo nǹkan tí èèyàn bá fi wò ló máa hu ìrù.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́, ooru la fi ń ṣe é. Oje igi ni gọ́ọ̀mù wa. A ó gbé dígí ka orí irin gbígbóná, oje náà á rọ̀, a ó máa fi ọmọ ìka tì í síhìn-ín, tì í sọ́hùn-ún, a ó wá kó o sínú ààrò di ọjọ́ kejì. Bó o bá dé láàárọ̀ tó o rí i pé ó yẹ̀, kò sí ìjà. Gbé e padà sórí irin, kó o tún un tì. Mo ti fi dígí sílẹ̀ lọ jẹun, mo ti fi sílẹ̀ sáré lọ fọ́mọ lọ́mú, mo ti fi sílẹ̀ lọ sin bàbá mi pàápàá. Tí mo bá padà dé, mo máa ń bá a níbi tí mo fi í sí, kò sì ní bínú.

Ruppel kékeré, ọmọ ọ̀gá wa àtijọ́, ló gbé ẹ̀rọ iná náà wọlé lọ́dún 1983. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kò ní sùúrù rárá.

"Ẹ̀yin màmá," ó ní, inú ẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, "ẹ dágbére fún ààrò. Gọ́ọ̀mù tuntun yìí ò fẹ́ ooru. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un gan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó parí!"

"Tó bá yẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Kó má yẹ̀ ni, Màmá Irmtrud."

"Mo ní, tó bá yẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn ló ta ààrò wa fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ó wá lẹ ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ojú fèrèsé kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, nítorí pé ohun tó wà nínú iná ẹ̀ yẹn wà nínú oòrùn náà. Tí oòrùn bá kan gọ́ọ̀mù kí a tó to dígí tán, síbi tó bá wà náà ló máa gan sí. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá náà: Ẹ MÁ ṢÍ I.

"Irmtrud, wo ojú ẹ," Gerlinde sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "O jọ ẹni tí ibà pọ́njú gbé dè."

"Ìwọ ńkọ́? Wàràkàṣì tó ti pẹ́ nílẹ̀ lo jọ."

Gerlinde ló máa ń nu dígí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, àmọ́ inú ẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó máa bọ́ sí wàhálà lábúlé yìí tí Gerlinde ò ní kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀gá Meinhard ní tiẹ̀, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di dígí mú àti bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí gbàrọgùdù. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi dán dígí. Àṣà kan sì wà láàárín àwọn tó ń dán dígí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì á mú àjákù dígí méjì nílé iṣẹ́, á lọ fọwọ́ ara ẹ̀ dán an fún ara ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kàn án, àfi ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Oṣù méje ni Ọ̀gá Meinhard fi dán tiẹ̀ nínú ilé ìdáná ìyàwó ẹ̀, Ottilie, torí àyà ti ń dùn ún, kò lè gun òkè wá sọ́dọ̀ wa mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹrin, ó ránṣẹ́ pè mí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a, wọ́n ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ti rù, gbogbo egungun ọrùn ẹ̀ ló yọ síta.

"Irmtrud, ṣé ọwọ́ ẹ mọ́?"

"Ọ̀gá, ìgbà wo lọwọ́ mi dọ̀tí rí?"

"Ọdún tó o kọ́kọ́ dé. O jẹ kéèkì lórí tábìlì mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó wá tú áńkáṣíìfù kan. Dígí méjì ló wà nínú ẹ̀, fífẹ̀ wọn tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo gbé wọn sókè sójú ìmọ́lẹ̀, mo ń wá ibi tó ha, mo ń wá ibi tó rí gbágungbàgun. Mi ò rí nǹkan kan. Mo ti lẹ dígí tó kọjá kíkà, mi ò tíì rí èyí tí wọ́n dán tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì sọ fún un.

"Mo ti dán dígí fún àwọn ọdẹ, fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, fún àwọn atukọ̀," ó ní. "Mi ò tíì wo nǹkan kan nínú tèmi rí. Kí n ṣáà wò ó lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ. Kí n mọ̀ pé ọwọ́ yìí ṣe nǹkan láyé."

"Ẹ máa wò ó títí á fi sú yín."

"Má purọ́ fún mi, ọmọ yìí. O ò mọ̀ ọ́n pa."

Lẹ́nu ọ̀nà, Ottilie fà mí lápá. Dókítà ti ní ó ṣòro kó rí ọjọ́ Sọ́ńdè. Ká ní oje igi ayé àtijọ́ ni, ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gan débi téèyàn lè gbé e sínú awò. Èmi tí mo ti ń bú iná Ruppel láti ọjọ́ tó ti wọlé, ọjọ́ yẹn ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wà. Mo sọ fún Ottilie pé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, dígí ọkọ ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Wẹ́sìdeè ni Ottilie fi fóònù pè mí níbi iṣẹ́. Ó ń sunkún. Ó ní láti àná ni Meinhard ò ti lajú mọ́, pásítọ̀ ti wá gbàdúrà fún un. Mo sọ fún Gerlinde, ó fi áépúrọ́ọ̀nù nu ojú. Mo ní kí n ṣáà tètè ṣe é, bóyá ó ṣì máa lajú.

Gerlinde nu dígí méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, mo kán gọ́ọ̀mù sí i, mo gbé èyí tó yọ ikùn lé èkejì lórí, mo tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Mo gbé e sórí àwo kékeré tí a fi ń yí i. Bí àwo náà bá ń yí, àmì iná tín-ín-rín kan máa ń hàn lójú dígí. Tí àmì náà bá ń jó, dígí ò tíì bára mu. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ó bára mu nìyẹn, kí o wá tẹ iná. Ti Ọ̀gá Meinhard ń jó. Mo fi ọmọ ìka tì í díẹ̀. Ijó náà dín kù. Mo tún tì í.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Agogo òkú ni. Lábúlé wa, tí èèyàn bá kú, aago mọ́kànlá ni wọ́n máa ń lù ú. Ibi yòówù tó o bá wà, ẹni tó bá sún mọ́ fèrèsé jù á ṣí i kí agogo tó dákẹ́, kí ẹ̀mí olóògbé má bàa há sínú ilé. Àwọn tó kù á dìde, wọn á fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọn á tẹrí ba ka Àdúrà Olúwa. Kò sí ẹni tó ń rò ó. Kí a tó mọ ABD ni wọ́n ti kọ́ wa.

Ta ló tún lè jẹ́, bí kì í bá ṣe òun? Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí dígí. Mo dìde. Mo pa ọwọ́ pọ̀, mo tẹrí ba, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, omi ń dà lójú mi. Mo gbọ́ tí àga Gerlinde kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí fèrèsé dún. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, ó sì tù mí lára. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àdúrà náà kí n tó ṣàkíyèsí pé ooru oòrùn wà lẹ́yìn ọwọ́ mi.

Mo lajú. Oòrùn ti tàn sórí gbogbo tábìlì, funfun báláú.

"Gerlinde!"

Mo na ọwọ́ sí dígí náà, mo tì í. Kò mira. Mo tún tì í, mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í títí èékánná mi fi ṣẹ́. Ó ti gan. Mo yí àwo, àmì iná náà ń jó níbẹ̀, ó ń jó díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní mo rí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré sí i ni, ì bá ti dúró.

"Yéè! Mo kú o!" Gerlinde gbé ọwọ́ lórí. "Irmtrud, mo gbàgbé. Mo gbàgbé pátápátá. Agogo ló dún..."

Èmi náà gbọ́ agogo. Èmi náà gbé ọwọ́ kúrò. Àwa méjèèjì ti gbọ́ agogo yẹn lẹ́nu ààrò lọ́pọ̀ ìgbà, a gbàdúrà, a padà jókòó, kò sí dígí tó bàjẹ́. Mo jókòó, mo ń wo dígí náà, n kò lè bú ẹnikẹ́ni.

Nǹkan bí aago méjìlá ni Ruppel ti Wetzlar dé. Ó wo fèrèsé, ó wò wá.

"Ta ló ṣí i?"

"Ọ̀gá Meinhard ti kú," Gerlinde dáhùn. "A gbọ́ agogo."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Bernhardine ìsàlẹ̀ abúlé ló kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ níbi tí mo ti ra búrẹ́dì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ojú oorun ló kú sí."

Inú mi dùn fún bí ìgbà téèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ó wà láàyè! Lẹ́yìn náà ni mo wo ohun tó wà lórí tábìlì. Ọkùnrin náà ò tíì kú, ó sì ń dúró de dígí ẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́, Ruppel ò bú wa. Ó gbé fóònù, ó pe ẹni tó ta gọ́ọ̀mù fún un. Ìyẹn ní nǹkan olómi kan wà tí wọ́n lè rẹ ẹ́ sí, ó lè tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè máà tú. Wọ́n tún lè gbé e sínú ooru líle, àmọ́ dígí méjèèjì ò ní fẹ̀ bákan náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan là sí méjì.

"Kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," mo ní.

"Mo mọ̀, Màmá Irmtrud."

"Mo bi ọ́ lọ́dún tó kọjá. Mo ní, tó bá yẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbójú sílẹ̀. Mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́, torí kò sí ohun tó kan ọmọ náà nínú ẹ̀.

Nígbà tó di aago méjì, Ottilie tún pè. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Meinhard ti lajú! Ó ti mu omi ọbẹ̀ adìyẹ, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó, ó ní aago mẹ́rin ni Irmtrud ń bọ̀.

"Sọ fún un pé kò tíì gan," Gerlinde gbà mí nímọ̀ràn.

"Gọ́ọ̀mù ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá? Ṣé ọmọ àná ni?"

"Sọ pé ó fọ́."

"Oṣù méje, Gerlinde. Kí n lọ sọ fún un pé oṣù méje fọ́?"

Mo ka ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lójú ọ̀nà. Mo pinnu pé màá sọ òtítọ́ kí ó tó gbé e sójú. Àmọ́ bí mo ṣe wọlé báyìí, ó ti na ọwọ́ méjèèjì. Ojú ẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tó ń retí ìyá ẹ̀ lọ́jà. Awò ẹ̀ ti wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú fèrèsé, ojú dígí nìkan ló ṣófo.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ..."

"Fi sí i ná. Oòrùn ò ní dúró dè wá."

Ó ti na awò náà sí àkùkọ irin tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́ọ̀lù wúrà kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àkùkọ yẹn, tó bá di aago mẹ́rin, oòrùn máa ń kọ mànà níbẹ̀, á wá dà bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù yẹn ni gbogbo wa fi ń dán dígí wò lábúlé yìí. Dígí tó bá dáa á fi í hàn ní róbótó. Mo dé dígí náà mọ́ ẹnu awò. Ottilie dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó dì í léjìká mú.

Ó wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rí ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀, mo sì rí bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní ìrù," ó sọ.

"Ọ̀gá, èmi..."

"Dákẹ́ ná." Ó fọwọ́ yí òrùka irin tó di dígí náà mú díẹ̀, ó tún wò ó. "Ìrù náà ń bá dígí yí. Inú dígí ló wà. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ nígbà tí mò ń dán an."

"Rárá o! Èmi ni, Ọ̀gá! Mò ń tò ó lọ́wọ́ nígbà tí agogo dún. A rò pé ẹ̀yin ni. Gerlinde ṣí fèrèsé, oòrùn wọlé, gọ́ọ̀mù gan kí n tó tò ó tán. Iṣẹ́ yín ò ní àbùkù kankan. Ìrù tèmi nìyẹn!"

Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ, láìmí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Gerlinde ṣí fèrèsé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí wọ́n má ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ìwọ Irmtrud, o gbé ọwọ́ kúrò lórí dígí tí gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọwọ́ mi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. "Èmi ni mo kọ́ ẹ. O ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún ẹ pé o ò mọ irọ́ pa."

"Mo fi orí ọmọ mi búra!"

"Má fi orí ọmọ ẹ búra nítorí tèmi." Ó gbé orí lé ìrọ̀rí, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní: "Àwọn tó kù ńkọ́, Irmtrud? Àwọn ti ọdún mẹ́rìnlélógójì yẹn. Ṣé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyí, tí ẹ̀ ń bò mí láṣìírí?"

Ottilie wò mí, ojú ẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe nǹkan. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń fi ojú àánú wò mí. Ó ní kí Ottilie fún mi ní kọfí.

Lọ́jọ́bọ̀, mo mú Gerlinde lọ. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bó ṣe fa fèrèsé. Ọ̀gá Meinhard ní, "Ẹ ti fẹnu kò dáadáa. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó yí ojú sí ògiri. Awò náà ò sí níwájú fèrèsé mọ́, ó ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí àjà.

Lọ́jọ́ Fúráídeè, agogo dún ní aago mọ́kànlá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ottilie ti pè wá ṣáájú, Ọ̀gá ni lóòótọ́. Dígí kan wà lábẹ́ ọwọ́ mi, ti oníbàárà kan ní Frankfurt, àmì iná ẹ̀ ń jó. Gerlinde di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, ó ń wò mí, kò lè dìde. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Mo tì í, mo tì í, títí ó fi dúró jẹ́ẹ́. Mo tẹ iná, mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mo wá dìde, mo sáré lọ sí fèrèsé, mo fà á. Nígbà tó ṣí, agogo ti dákẹ́.